Òṣùwọ̀n Ni Oògùn: Ẹ̀jẹ̀, Irin àti Ìtọ̀ Ṣúgà Lára Aboyún

Kò sí ẹni tí ilé Yorùbá ń ṣìkẹ́ tó aboyún. Láti ọjọ́ tí oyún bá ti hàn sójú ni gbogbo ẹbí ti ń rìn pẹ̀lẹ́ yí i ká, nítorí àwọn àgbà gbà pé ẹsẹ̀ kan rẹ̀ wà láyé, èkejì sì wà lọ́run títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ní àríwá Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìfàkì àti Ìdó, ẹni tí ó bá ń lọ kí aboyún kì í fẹ́ lọ ní ọwọ́ òfo. Ìyá ọkọ a gbé ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ dé; àbúrò ọkọ a ra mọ́ọ̀tì àti mílíìkì inú agolo; ìyá tí ó bí i lọ́mọ a di ewé ugu àti poroporo ọkà bàbà sínú àpò; agbẹ̀bí ilé ìwòsàn náà a sì ka hóró oògùn irin sínú ọ̀rá fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Kí ẹ̀jẹ̀ rẹ lè tó."

Àṣà rere ni èyí, ìfẹ́ ni ó sì bí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí òkè òkun, pé ó ṣeé ṣe kí irin tí ó bá pọ̀ jù nínú ara aboyún ní ọwọ́ nínú ìtọ̀ ṣúgà tí ń mú àwọn kan nígbà oyún. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í pẹ́ kí ó tó dé ọjà, bí ó bá sì dé ọjà, adití a máa gbọ́ ọ sí òdìkejì. Láti inú rẹ̀ ni irú obìnrin méjì ti lè jáde. Ọ̀kan yóò da hóró irin rẹ̀ sẹ́yìn ilé, yóò ní òun kò fẹ́ ìtọ̀ ṣúgà. Èkejì kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá, yóò máa gbé hóró lé ìgò, ìgò lé àgbo, títí yóò fi bímọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣìnà, ohun kan náà ni wọn kò sì ní: òṣùwọ̀n.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ irin ṣe àjèjì sí ọmọ Èkìtì. Iré-Èkìtì, tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ni ìlú tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ Ògún, òun ni wọ́n sì fi ń pè é ní Oníre. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ọwọ́ tí ó la ọ̀nà fún àwọn èèyàn rẹ̀ náà ni ó fi ìbínú yọ idà sí wọn, ní ọjọ́ tí ó bá agbè ẹmu lófìfo tí ẹnikẹ́ni kò sì kí i. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà kò fara sin: irin ní oore, irin sì ní ewu, ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò ní ọkọ́ kò lè kọ ebè, ẹni tí ó bá sì ń fi àdá ṣeré yóò rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Bí irin ti rí lóko, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ara.

Irin ni ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n, òun náà ni ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Gbogbo irin tí ó wà nínú ara àgbàlagbà obìnrin kò tó gíráàmù 4. Bẹ́ẹ̀ ni oyún kan ṣoṣo ń béèrè nǹkan bíi gíráàmù kan, èyí tí í ṣe mílígíráàmù 1,000, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọmọ inú ń gba tirẹ̀, ibi ọmọ ń gba tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá fúnra rẹ̀ ń pọ̀ sí i, èyí tí yóò dà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìbímọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gíráàmù kan kò ju ìwọ̀n ìṣó kékeré kan lọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti kó o jọ láti inú oúnjẹ nìkan, nítorí pé díẹ̀ ni ara lè fà nínú irin tí ó wà nínú ewé àti ọkà. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí aboyún máa lo irin mílígíráàmù 30 sí 60 lójoojúmọ́, pẹ̀lú fólíìkì mílígíráàmù 0.4. Níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti gbilẹ̀ láàrin àwọn aboyún, 60 ni wọ́n fọwọ́ sí jù. Kí ẹni tí ó bá rí 300 lára páálí oògùn má ṣe bẹ̀rù: nínú mílígíráàmù 300 ferrous sulphate, nǹkan bí 60 péré ni irin gan-an.

Àwọn oníṣègùn kò ṣàdédé fi òfin yìí lélẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 lórí iye ènìyàn àti ìlera fi hàn pé obìnrin 58 nínú ọgọ́rùn-ún, láàrin ọmọ ọdún 15 sí 49, ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń gbé oyún sórí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dín kù tẹ́lẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kí ó tó rọbí kò ní ohun tí yóò fi tọrẹ. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹlòmíràn yóò dà, tí yóò sì dìde jókòó kí ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, lè gba ẹ̀mí tirẹ̀. Kí ó wá jẹ́ pé òru ni, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé, kí ọkọ̀ má sí, kí ibi tí wọ́n ti lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára sì jìnnà. Ẹni tí ó bá ti ro èyí dénú kò ní fi hóró irin ṣeré, kò sì ní sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé kí ó dà á nù.

Síbẹ̀, irin nìkan kọ́ ni àìtó rẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Dókítà A. F. Fleming àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tọpa àìtó ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún, wọ́n sì rí i pé ibà àti àìtó fólíìkì wà lára àwọn olórí ohun tí ń fà á. Aràn tí ń wọlé láti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn láìwọ bàtà lóko náà a máa mu ẹ̀jẹ̀. Oyún tí ó tẹ̀ léra wọn láìsí ìsinmi a máa kó ẹ̀jẹ̀ jáde lára. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún aboyún ní oògùn ibà láti oṣù kẹrin lọ, tí wọ́n ń ní kí ó sùn lábẹ́ àpò ẹ̀fọn, tí wọ́n sì ń fún àwọn kan ní oògùn aràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Pàápàá jù lọ, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà, lè ti ní irin àníjù nínú ara bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ẹ̀jẹ̀ kéré lọ́tọ̀, irin kéré lọ́tọ̀. Àyẹ̀wò ni ó ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà ti wọ̀ ọ́? Ó ti pẹ́. Ní ọdún 1865, oníṣègùn Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Armand Trousseau ṣe àpèjúwe aláìsàn kan tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí awọ ara rẹ̀ sì yí padà bí àwọ̀ idẹ. Nígbà tí ó yá ni àwọn tí ó tẹ̀ lé e mọ̀ pé irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń kó irin jọ láti inú oúnjẹ ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé irin náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń ba ẹ̀yà ara tí ń pèsè ínsúlínì jẹ́ pẹ̀lú. Ní gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 1929, Dókítà Strachan ṣàkíyèsí irin tí ó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan, a sì wá tọpa rẹ̀ lẹ́yìn náà dé ọ̀dọ̀ ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pọn nínú ìkòkò onírin. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí iyàn nínú rẹ̀ pé irin àpọ̀jù, tí ó ti wà lára fún ọdún púpọ̀, lè bí ìtọ̀ ṣúgà.

Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ǹjẹ́ hóró irin tí aboyún ń lò fún oṣù díẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀? Kí èyí tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ bí ìtọ̀ ṣúgà ti ń wọ inú oyún. Ibi ọmọ a máa tú àwọn omi ara kan jáde tí ń dí ínsúlínì lọ́wọ́, kí ṣúgà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ láti jẹ. Ara ọ̀pọ̀ ìyá a pèsè ínsúlínì kún ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ara àwọn mìíràn kò lè pèsè tó, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn a sì ga. Bí irin àpọ̀jù bá tún wá ń ni ẹ̀yà tí ń pèsè ínsúlínì lára, ó bọ́gbọ́n mu kí a bẹ̀rù pé yóò dá kún un.

Àwọn olùwádìí sì rí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2011 lórí àwọn obìnrin tí ó lé ní 13,000, ìtọ̀ ṣúgà aboyún wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tí ń jẹ irin inú ẹran púpọ̀ kí wọ́n tó lóyún. Ti irin inú hóró oògùn kò fi irú rẹ̀ hàn. Àwọn ìwádìí mìíràn rí i pé àwọn aboyún tí ferritin wọn ga, èyí tí í ṣe àmì irin tí a tọ́jú sínú ara, ni ìtọ̀ ṣúgà ń mú jù. Ṣùgbọ́n ferritin kì í dúró fún irin nìkan. Bí ara bá ń gbóná, bí àìsàn bá wà lára, bí ọ̀rá bá pọ̀ lára, ferritin a ga. Ẹni tí ó bá rí èéfín lórí òrùlé kò gbọdọ̀ sọ pé èéfín ni ó dá iná.

Ọ̀nà kan ni ó wà láti yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí, òun náà ni pé kí a fi ìbò pín àwọn aboyún sí ọ̀nà méjì, kí a fún apá kan ní irin, kí a má fún apá kejì, kí a sì wò ó. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Hong Kong, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2009. Aboyún 1,164 ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún apá kan ní irin mílígíráàmù 60 lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Apá kejì gba hóró tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní irin nínú. Nígbà tí wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò, kò sí ìyàtọ̀ kan tí ó ṣe pàtàkì láàrin àwọn méjèèjì. Ní Finland, níbi tí wọ́n ti pín àwọn aboyún tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1985 sí 1986, tí àwọn kan ń lo irin ní gbogbo ìgbà, tí àwọn mìíràn ń lò ó kìkì bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá lọ sílẹ̀, àwọn olùwádìí padà sí ìwé wọn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016: irin àlò-ìgbà-gbogbo kò mú kí ìtọ̀ ṣúgà pọ̀ sí i.

Ìdájọ́ tí ó tọ́ láti inú gbogbo èyí ṣe kedere. Hóró irin tí agbẹ̀bí kà fún aboyún, bí ó bá lò ó bí wọ́n ti ní kí ó lò ó, kò ní ẹ̀sùn kan tí a lè fi gbá a mú. Ẹni tí ó bá dà á nù nítorí ìbẹ̀rù ìtọ̀ ṣúgà ń sá fún òjìji, ó sì ń kọlu igi. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yìí kò dá àkójọ láre. Àwọn tí wọ́n dán an wò lo ìwọ̀n kan tí a mọ̀. Wọn kò fi ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ méjì lé hóró lórí. Fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó, irin ìlọ́po méjì kò ní àǹfààní kan tí yóò fi kún tirẹ̀. Inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ líle ni yóò kọ́kọ́ fi san án fún un. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àṣà gan-an nìyí. Bí ìtọ̀ ṣúgà yóò bá gba ilé kan wọlé láti ara ohun tí a ń pè ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ láti ara irin rárá. Ẹ jẹ́ kí a wo mọ́ọ̀tì àti mílíìkì tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́ pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Mọ́ọ̀tì pupa, ẹ̀jẹ̀ pupa: ojú ni ó so wọ́n pọ̀. Irin inú mọ́ọ̀tì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ kò jìnnà sí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mílíìkì dára fún egungun, ṣùgbọ́n bí a bá mu ún pọ̀ mọ́ hóró irin, a máa dí ara lọ́wọ́ láti fa irin náà. Aboyún tí ó bá fi mọ́ọ̀tì àti mílíìkì gbé hóró irin rẹ̀ mì ní àárọ̀ ti dín ohun tí ó ń wá kù, ó sì ti fi ohun tí kò wá kún un. Ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi náà ni wọ́n fi ṣúgà dùn. Tíì pẹ̀lú a máa dí irin lọ́wọ́. Ọsàn tí ń so lẹ́yìn ilé ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé hóró irin, nítorí pé ohun kan wà nínú ọsàn tí ń ran ara lọ́wọ́ láti fa irin. Omi lásán náà sì tó.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèwọ̀ kan wà tí ń gba irin lẹ́nu aboyún. Wọ́n ní kí ó má ṣe jẹ ìgbín, kí ọmọ rẹ̀ má baà máa da itọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, orí ẹran ni ti baálé, egungun ni ti ìyàwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó ni ó ń pín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ ilé. Ìgbín, ẹran, ẹja àti edé ní irin nínú. Ẹ̀wà, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti ugu náà ní tiwọn. Àwọn obìnrin kan tún máa ń jẹ amọ̀ àti ẹfun nígbà oyún. Òùngbẹ amọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ lè jẹ́ àmì pé irin kò tó lára, amọ̀ náà yóò sì tún dí irin oúnjẹ lọ́wọ́. Kò bójú mu kí ilé fi èèwọ̀ gba ìgbín lọ́wọ́ aboyún tán, kí ó tún wá fi owó ra ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un lọ́jà.

Iyán náà kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí ó bínú. Iyán ni oúnjẹ Èkìtì, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kí aboyún Èkìtì má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń sọ fún un pé ẹni méjì ni ó ń jẹun, tí wọ́n ń fi òkèlè kún òkèlè, tí ẹran inú ọbẹ̀ kò sì kún, ohun tí ń di ṣúgà nínú ara ni ó ń pọ̀, èyí tí ń di ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Kí iyán dín díẹ̀, kí ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja kún un. Ìwọ̀n náà ni.

Àṣà mìíràn tí ó yẹ kí a tún yẹ̀ wò ni ìyìn tí a ń yin ọmọ tí ó tóbi jù. Bí ọmọ bá wọn ju kílógíráàmù 4 lọ nígbà tí wọ́n bí i, gbogbo ilé a máa yọ̀ pé ìyá rẹ̀ jẹun dáadáa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ṣúgà ni ó bọ́ ọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè há ní èjìká nígbà ìbí, ṣúgà ara rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ lójijì ní kété tí wọ́n bá gé ìwọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà oyún, ó sì lè ní ìtọ̀ ṣúgà gidi ní ọdún tí ń bọ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ bí òkú ọmọ, wọn a sì máa wá ọ̀tá tí ó ṣe é kiri àdúgbò. Àìsàn yìí kì í sábà dun ni. Àyẹ̀wò nìkan ni ó ń tú u fó.

Àyẹ̀wò méjì ni ó jẹ́ òṣùwọ̀n tí ọ̀rọ̀ yìí ń wá. Èkíní ni ti ẹ̀jẹ̀: bí ó bá kéré sí gíráàmù 11 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà, tí í ṣe nǹkan bíi 33 lórí PCV tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò, ẹ̀jẹ̀ aboyún kò tó. Èkejì ni ti ṣúgà, láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 oyún. Aboyún yóò wá láìjẹun láàárọ̀, wọn yóò fún un ní omi tí gíráàmù 75 glucose wà nínú rẹ̀, wọn yóò sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó mu ún, lẹ́yìn wákàtí kan, àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí ó bá dé 92 kí ó tó mu ún, tàbí 180 lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí 153 lẹ́yìn wákàtí méjì, Àjọ Ìlera Àgbáyé pè é ní ìtọ̀ ṣúgà aboyún láti ọdún 2013. Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ó sanra púpọ̀, ẹni tí ó ti bí ọmọ ńlá tàbí òkú ọmọ rí, kò gbọdọ̀ dúró kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Ẹni tí ó bá sì ti ní i gbọdọ̀ padà lọ yẹ ara rẹ̀ wò láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ.

Àríwá Èkìtì kò ṣàìní ibi tí a ti lè ṣe èyí. Ìdó ni Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ wà. Ìkọ̀lé ní ilé ìwòsàn àkànṣe ti ìpínlẹ̀. Ọ̀yẹ́ ní ilé ìwòsàn gbogbogbò. Ohun tí ó kù ni kí ẹbí mọ̀ pé owó àyẹ̀wò náà jẹ́ ẹ̀bùn aboyún. Bí ìyá ọkọ bá lè sọ pé, "Ìyàwó mi, gba owó yìí, má fi ra mọ́ọ̀tì o, lọ fi yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ wò," tí ìyàwó sì kúnlẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun, mà," àṣà kò bàjẹ́ rárá. Ó tún ṣe ni. Àwọn ìjọba náà ní láti rí i pé àyẹ̀wò yìí dé ilé ìlera kéékèèké inú abúlé, kí iye rẹ̀ má sì ga ju agbára ìyàwó àgbẹ̀ lọ. Àwọn olùkọ́, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé láti ọdún 2011, lè sọ ọ́ ní èdè tí ọjà yóò gbọ́.

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé àwọn ìyá wọn bímọ mẹ́wàá láìmọ ohun tí ń jẹ́ PCV. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bímọ tí wọ́n sì yè ni ó ń pìtàn. Àwọn tí ó kú sórí ìkúnlẹ̀ kò ní ẹnu mọ́. Àwọn ìyá náà pàápàá kò kórìíra òṣùwọ̀n. Kò sí ìyá àgbà tí í se àgbo poroporo láìmọ iye omi tí yóò bù sí i àti iye ife tí aboyún yóò mu. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí ó dára ní ìwọ̀n. Àyẹ̀wò ilé ìwòsàn jẹ́ ìtẹ̀síwájú ọgbọ́n wọn: ife tí wọ́n fi ń wọn àgbo lánàá, òun ni ẹ̀rọ fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ lónìí.

Nítorí náà, kí aboyún máa lo hóró irin rẹ̀ bí agbẹ̀bí ti là á sílẹ̀, kí ó má fi ìgò lé e lórí láìbéèrè, kí ó jẹ ìgbín rẹ̀, kí ó mu ọsàn rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, tí ẹbí bá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó, a ó gbóhùn ìyá, a ó sì gbóhùn ọmọ.